Ìkọ́ Tó Gbé Fáànù Rọ̀

Bí ooru oṣù kejì bá ti wọlé dé, tí àwọn òkè olókùúta tó yí ìlú Ìkàrẹ́ ní ilẹ̀ Àkókó ká ti yá oòrùn láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n sì wá ń tú ooru náà jáde díẹ̀díẹ̀ ní òru bí onígbèsè tó ń san owó olówó, kò sí onílé kan, láti ọjà Òsèlè títí dé Ìwárò ní Ọ̀kà, tí kì í gbé ojú sókè wo àjà ilé rẹ̀, kí ó máa retí pé kí iná ọba dé kí fáànù lè yí. Àwọn àgbà ti wí tipẹ́ pé abẹ̀bẹ̀ ní í bẹ ikú, abẹ̀bẹ̀ ní í bẹ ọ̀ràn, bí ooru bá sì mú, abẹ̀bẹ̀ náà ní í bẹ̀ ẹ́; ṣùgbọ́n abẹ̀bẹ̀ ayé ìsinsìnyí kì í ṣe aláwọ, kì í ṣe onímọ̀ ọ̀pẹ tí a fi ọwọ́ mú, bí kò ṣe ẹrù irin tó wúwo tó kìlógíráàmù 4 sí 7, tí apá rẹ̀ mẹ́ta ń yí ju ìgbà 300 lọ ní ìṣẹ́jú kan ṣoṣo, tó sì rọ̀ dirodiro sórí àwa àti àwọn ọmọ wa láti ara irin títẹ̀ kan tí ẹnikẹ́ni nínú wa kì í rí mọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti fi ife bo ìdí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ irin títẹ̀ yìí ni mo mú wá síwájú ẹ̀yin òǹkàwé lónìí, nítorí ó dá mi lójú pé bí ọmọ Àkókó kan yóò bá hùmọ̀ ohun kan tí ọjà yóò máa wá kiri, kì í ṣe fáànù ni yóò jẹ́. Ìkọ́ rẹ̀ ni.

Fáànù fúnra rẹ̀ ti ní baba. Kí iná mànàmáná tó wọ inú ilé, omi tó ń ṣàn tàbí ẹ̀rọ tó ń fi ooru omi ṣiṣẹ́ ni wọ́n fi ń fa bẹ́líìtì tó ń yí abẹ̀bẹ̀ òkè àjà ní Amẹ́ríkà. Ní 1882 ni Philip Diehl, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tó ti kọjá sí Amẹ́ríkà láti 1868, tó sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ Singer tó ń ṣe ẹ̀rọ ìránṣọ, mú irú mọ́tò kékeré tó ti ṣe fún ẹ̀rọ ìránṣọ, ó fi apá sí i, ó sì gbé e kọ́ sójú àjà. Nígbà tó yá, ó fi iná títàn mọ́ ọn. Télọ̀ obìnrin tó jókòó ti Singer rẹ̀ ní Ìkàrẹ́, tí fáànù ń fẹ́ ẹ lórí bó ti ń tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ, kò mọ̀ pé ọmọ baba kan náà ni ohun tó wà lókè àti ohun tó wà níwájú òun. Diehl kò mú ohunkóhun wá láti ọ̀run. Ohun tó wà lórí tábìlì rẹ̀ ló gbé lọ síbi tí ẹlòmíràn kò ronú kàn, ọ̀nà yìí gan-an sì ni àwọn wẹ́dà àti oníwáyà wa ń gbà hùmọ̀ nǹkan lójoojúmọ́ láìsí ẹni tó ń pe iṣẹ́ wọn ní ìhùmọ̀.

Ibi tí wàhálà wà nìyí. Àwọn tó ń ṣe fáànù ní ilẹ̀ Ṣáínà àti ní ilẹ̀ Íńdíà, ilé oníkọnkéré ni wọ́n ní lọ́kàn, ilé tó jẹ́ pé nígbà tí wọ́n bá ń da kọnkéré òkè ni wọ́n ti ń ri ìkọ́ mọ́ inú rẹ̀, tí ìkọ́ náà fi ń di ara ilé. Tiwa ńkọ́? Láti Ìkàrẹ́ dé Akùngbá, láti Akùngbá gun òkè Ọ̀kà, títí kan ọ̀nà tó lọ sí Ọ̀wọ̀, ilé onípáànù ló pọ̀ jù, igi tẹ́ẹ́rẹ́ ló sì gbé àjà wọn dúró, yálà àjà ásíbẹ́sítọ̀ọ̀sì ayé àtijọ́ ni o, tàbí ti páálí, tàbí POP tí gbogbo ayé ń rọ́ lọ bá báyìí. Kápẹ́ńtà tó kan igi wọ̀nyí, àjà nìkan ló kàn án fún. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé ẹrù tó ń gbọ̀n tọ̀sán-tòru yóò rọ̀ mọ́ ọn. Bí fáànù ti fi ilé iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní òkè òkun, àlàfo kan wà láàárín rẹ̀ àti igi àjà wa tí ẹni tó ṣe é kò dí, ọmọ ìlú wa kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ rẹ̀ ló sì ń fi irin tí ó tẹ̀ fúnra rẹ̀ dí i.

Ẹ bá mi tẹ̀lé oníwáyà gun àjà lẹ́ẹ̀kan. Ó gbé àkàbà tì, ó ń fi ẹ̀yìn ìka lu àjà kí ó lè gbọ́ ibi tí igi gbà, ó yọ pákó kan, ó sì wọ inú òkùnkùn níbi tí ooru abẹ́ páànù ti ń dúró dè é, tòun ti eruku ọyẹ́, òwú aláǹtakùn àti ìgbẹ́ alángbá. Níbẹ̀ ló ti fi pákó kan dábùú igi méjì, ó fi ìṣó gbá a mọ́lẹ̀, ó fi irin rọ́ọ̀dù mílímítà 10 tàbí 12 tí wẹ́dà ti tẹ̀ fún un kọ́ ọ, ẹnu ìkọ́ sì yọ sísàlẹ̀. Rọ́bà rógódó kan ni yóò jókòó sínú ìkọ́ náà; bóòtù kan yóò gba àárín rọ́bà kọjá, nọ́ọ̀tì yóò dé e lẹ́nu, píìnì ẹlẹ́sẹ̀ méjì kan tí kò tóbi tó ìka ọmọ ọwọ́ yóò sì gba inú ihò ẹnu bóòtù, wọn yóò wá la ẹsẹ̀ rẹ̀ sí ọ̀tún àti òsì kí nọ́ọ̀tì má baà lè yọ. Rọ́bà yẹn ló ń gba ìgbọ̀n mọ́ra kí irin má baà máa jẹ irin. Píìnì yẹn ni ẹ̀mí gbogbo ẹni tó jókòó sí pálọ̀ so mọ́.

Ṣùgbọ́n píìnì kékeré kì í ṣòro láti sọnù, nígbà tí wọ́n bá sì wá a tì nínú páálí, ìṣó tàbí wáyà tí àwọn bíríkìlà fi ń di irin ni wọ́n ń fi dípò rẹ̀. Bí rọ́bà bá gbẹ nínú ooru abẹ́ páànù, tó sán, tó sì bọ́ sílẹ̀ ní wẹ́wẹ́, awẹ́ tíúbù kẹ̀kẹ́ ni oníwáyà yóò gé wé e, ó sì lè ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni irin yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fi irin họra, bóòtù yóò máa tẹ́ẹ́rẹ́ níbi kan ṣoṣo, onílé yóò máa gbọ́ kẹ̀ẹ̀kẹ̀ẹ̀ lókè, yóò sì pa rẹ́gúlétọ̀ dà sí nọ́mbà kejì, ní èrò pé fáànù ti ń darúgbó ni. Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti í wò ó. Ṣùgbọ́n báwo ni a ó ti ṣe wo ohun tí ife bò?

Síbẹ̀, n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wa ni mo ń bú. Ọgbọ́n tí mo ti rí lọ́wọ́ wọn pọ̀. Mo ti rí ìkọ́ tí wẹ́dà jó mọ́ àwo irin onígun mẹ́rin, tó lu ihò mẹ́rin sí i, kí ẹrù fáànù lè pín kárí dípò kó wà lórí igi kan. Mo ti rí òmíràn tí wọ́n tẹ ìrù rẹ̀ padà gba orí igi kejì, tó fi jẹ́ pé bí èkíní bá sán, èkejì yóò ṣì gbé e. Èyí tó sì wù mí jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ṣéènì kékeré tí ọ̀gá kan fi so ọ̀pá fáànù mọ́ igi òkè lọ́tọ̀, yàtọ̀ sí ìkọ́, pé bí bóòtù bá tilẹ̀ já lọ́jọ́ burúkú kan, ínṣì 3 péré ni fáànù yóò já wálẹ̀, ṣéènì yóò sì dá a dúró lókè orí gbogbo ènìyàn. Àgbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Àwọn ọmọ Ògún lákáayé wọ̀nyí ti fà á yọ, ṣùgbọ́n òkìkí rẹ̀ kò kọjá àdúgbò méjì péré. Bí ọ̀gá bá kó lọ sí ìlú mìíràn, ìkọ́ rẹ̀ bá a lọ. Bó bá kú, ìkọ́ náà kú.

Iṣẹ́ irú èyí kì í ṣe àjèjì sí wa. Ìlẹ̀kùn ilé àwọn baba wa kò ní ìńjì: ara igi tí wọ́n fi gbẹ́ ìlẹ̀kùn ni wọ́n ti ń yọ ọ̀pá sókè àti sísàlẹ̀, ọ̀pá náà ni yóò wọ inú ihò tí wọ́n gbẹ́ sí òkè àti ìsàlẹ̀ ẹnu ọ̀nà, ìlẹ̀kùn yóò sì máa yí lórí ara rẹ̀. Báyìí ni Olówè ará Ìsẹ̀ ṣe gbẹ́ ìlẹ̀kùn tó wà ní ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́, èyí tí wọ́n gbé lọ sí àfihàn ńlá Wembley ní London ní 1924, tó sì wọ àwọn òyìnbó lójú tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ìtẹ́ tí wọ́n ṣe nílùú wọn ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Ó wà ní British Museum títí di òní. Gbogbo ayé ló ń wo ère orí ìlẹ̀kùn náà. Èmi ń wo ọ̀pá tó ń yí i. Àwọn àgbàlá inú ààfin Ọ̀wọ̀ náà ńkọ́, àti ògiri alámọ̀ nínípọn tí ooru ọ̀sán kì í tètè gbà kọjá? Ẹni tó bá jókòó sí irú ilé bẹ́ẹ̀ ní ọ̀sán gangan yóò mọ̀ pé nígbà tí a fi bíríkì tẹ́ẹ́rẹ́ àti páànù rọ́pò amọ̀ àti ewé ni a tó di ẹni tí ń bẹ fáànù.

Kí ni a kò ní nígbà náà? Àwòrán ni. Ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan wà tí ń jẹ́ Lewis Latimer, tí wọ́n bí ní 1848, tí àwọn òbí rẹ̀ sá kúrò ní oko ẹrú ní Virginia. Ilé iṣẹ́ àwọn agbẹjọ́rò tó ń bójú tó ọ̀ràn ìhùmọ̀ ló ti rí iṣẹ́, iṣẹ́ rán-mi-níṣẹ́ ni wọ́n sì gbà á fún. Ó ń yọjú wo àwọn tó ń ya àwòrán ẹ̀rọ, ó kọ́ ọ fúnra rẹ̀, títí ó fi di ọ̀gá wọn. Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú àwòrán tí wọ́n fi gba ìwé àṣẹ fún tẹlifóònù Alexander Graham Bell ní 1876. Ní 1881 àti 1882 òun fúnra rẹ̀ gba ìwé àṣẹ lórí gílóòbù iná àti bí a ti í ṣe okùn èédú inú rẹ̀, ní 1886 ó sì gba òmíràn lórí ohun èlò tí yóò máa tu inú yàrá lára. Ọgbọ́n Latimer kò ju ti ọ̀gá oníṣéènì tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Pẹ́ńsù àti rúlà ni ó fi jù ú lọ.

Ẹ kúkú wo ilé wa níhìn-ín. Ọ̀jọ̀gbọ́n G. A. Makanjuola ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti ṣe ẹ̀rọ tó ń gún iyán láti àwọn ọdún 1970, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún aráyé kà; síbẹ̀, orúkọ òkèèrè ló wà lára èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ẹ̀rọ iyán tó wà lórí àtẹ ọjà wa. Èyí fi hàn pé àwòrán nìkan kò tó, ilé iṣẹ́ tí yóò ṣe é jáde gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí àwòrán, kò sí ohun tí ilé iṣẹ́ náà yóò ṣe jáde.

Àwọn kan yóò sọ pé páténtì ni kí àwọn wẹ́dà wa lọ gbà, ìyẹn ìwé àṣẹ tí ìjọba fi ń dáàbò bo ìhùmọ̀. Mo ti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, n kò sì gbà pé ibẹ̀ ló yẹ kí á ti bẹ̀rẹ̀. Òfin tó de ọ̀ràn yìí, tí ìjọba ológun ṣe ní 1970, ní ohun tó dára nínú: ọdún 20 ni páténtì fi ń lágbára bí oní-nǹkan bá ń san owó ọdọọdún rẹ̀, àtúnṣe tuntun sórí ohun tó ti ní páténtì pàápàá lè gba tirẹ̀, ẹni tí ọgbọ́n rẹ̀ sì jẹ́ ti ìrísí ọjà lè forúkọ àwòṣe sílẹ̀ fún ọdún 5, kí ó sì tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Àmọ́ Àbújá ni ọ́fíìsì wà. Àwọn tó ń gba ìwé níbẹ̀ kì í yẹ̀ ẹ́ wò bóyá tuntun ni ìhùmọ̀ náà lóòótọ́. Orí oní-nǹkan ni ewu rẹ̀ wà bí ẹlòmíràn bá pè é lẹ́jọ́. Èyí tó wá burú jù fún àwọn tiwa ni pé ohun tí ayé bá ti rí kí a tó kọ̀wé kì í ṣe tuntun mọ́ lójú òfin. Wẹ́dà tó ti ń ta ìkọ́ rẹ̀ lọ́jà Òsèlè láti ọdún tó kọjá, tó ti fi kọ́ fáànù sí ilé ogún àti ṣọ́ọ̀ṣì méjì, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ti ilẹ̀kùn páténtì. Ẹni tí kò tíì tà ni kí ó sáré. Àwọn tó ti tà, ẹ jẹ́ kí á wá ọ̀nà mìíràn fún wọn.

Ọ̀nà náà kò jìnnà. Láti 1973 ni ètò SIWES ti wà, èyí tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń pè ní I.T., tó ń rán wọn jáde lọ kọ́ṣẹ́ lóṣù bíi mélòó kan kí wọ́n tó gba ìwé ẹ̀rí. Políì Rufus Giwa wà ní Ọ̀wọ̀ láti 1979, wọ́n ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ níbẹ̀. Yunifásítì Adékúnlé Ajásìn wà ní Akùngbá, láàárín Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà gan-an, wọ́n ń kọ́ físíìsì níbẹ̀. Báwo ni ó ti jẹ́ tí ọmọ tó ń kọ́ nípa agbára irin yóò fi lọ jókòó ní ọ́fíìsì kan lóṣù mẹ́fà, tí yóò máa pín lẹ́tà, tí yóò sì máa ra búrẹ́dì fún ọ̀gá, nígbà tí ọgbọ́n irin ń jó lójú ọ̀nà tí ó ń gbà lọ sílé? Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Kí wọ́n rán ọmọ náà lọ bá wẹ́dà. Kí wẹ́dà fi ìkọ́ hàn án, kí ọmọ náà wọ̀n ọ́n, kí ó yà á láti iwájú, láti ẹ̀gbẹ́ àti láti òkè, kí ó kọ orúkọ ẹni tó ṣe é, ìlú rẹ̀ àti ọdún sí abẹ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ìdánwò. N kò bèèrè fún ẹ̀rọ olówó iyebíye. Igi àjà méjì bíi ti ilé wa, ìkọ́ náà, àti àpò yanrìn tó wúwo tó ìlọ́po mẹ́rin fáànù ni. Kí wọ́n gbé àpò náà kọ́ ní ọjọ́ kan àti òru kan, kí wọ́n máa mì í lóòrèkóòrè, kí wọ́n sì wo bóyá igi sán, bóyá irin tẹ̀, bóyá ìṣó ń yọ. Èyí tó bá yege, kí wọ́n lu àmì sí i lára. Mo mọ̀ pé Àjọ SON ló ni ọ̀rọ̀ òdiwọ̀n ọjà ní ilẹ̀ yìí, n kò sì sọ pé kí Políì gba iṣẹ́ wọn ṣe. Ṣùgbọ́n yóò pẹ́ kí SON tó gun àkàbà wọ inú àjà ilé ẹnìkan ní Ọ̀kà.

Àwọn ọ̀gá kan kò ní fẹ́. Mo gbọ́ ohùn wọn kí n tó kọ gbólóhùn yìí tán: ohun tí mo fi ń jẹun ni ẹ fẹ́ kí n kó fún ọmọ Políì? Ẹ̀rù wọn tọ́. Ìdáhùn mi ni pé ìkọ́ kò ṣeé fi pamọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá yọ ife kan ti rí i, ó sì ti mọ̀ ọ́n ṣe. Ohun tí wọ́n lè dì mú ni orúkọ wọn, èyí tí àwòrán tó ní ọjọ́ lórí lè fi jẹ́rìí, àti àmì tí onílé yóò máa bèèrè, bí à ti ń bèèrè irú páànù kan dípò òmíràn.

Ọ̀ràn mìíràn tún ń bọ̀ tí àwọn tó ń wé kọ́ìlì ní Ìkàrẹ́ gbọ́dọ̀ gbọ́. Fáànù tí a mọ̀, tí kọ̀ńdẹ́ńsà rẹ̀ bá ti rẹ̀ tán, igi ìgbálẹ̀ la fi ń ti apá rẹ̀ kó tó yí. Bí fóltéèjì iná ọba bá sì lọ sílẹ̀ dé ìdajì, agbára mọ́tò rẹ̀ á lọ sílẹ̀ dé ìdámẹ́rin, yóò máa yí bí ẹni tí kò fẹ́ lọ. Ó ń jẹ iná tó nǹkan bí wáàtì 75. Irú tuntun ti dé láti Íńdíà, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ tó jáde ní IIT Bombay ti dá ilé iṣẹ́ Atomberg sílẹ̀ ní 2012, tí mọ́tò rẹ̀ kò ní ju wáàtì 28 sí 35 lọ. Fún ilé tó ń lo sólà, ìyàtọ̀ rẹ̀ kì í ṣe kékeré: bátìrì fóòltì 12 tó jẹ́ 100 Ah, bí a bá lo ìdajì rẹ̀, tí a kò sì ka ohun tí inverter ń jẹ, yóò gbé fáànù àtijọ́ fún wákàtí 8, yóò sì gbé oníwáàtì 30 fún wákàtí 20. Ṣùgbọ́n kò sí kọ̀ńdẹ́ńsà tí a ó pààrọ̀ nínú rẹ̀. Pátákó ẹlẹ́kítíróníìkì kékeré kan ló ń darí mọ́tò náà, bí mànàmáná òjò bá sì bà á jẹ́, ẹni tó mọ kọ́ìlì wé nìkan kò lè tún un ṣe. Níbẹ̀ náà, àwọn tó ń kọ́ físíìsì ní Akùngbá ní iṣẹ́ láti ṣe.

Ohun èlò ilé mìíràn ṣì kún ilẹ̀ tí ọgbọ́n àdúgbò ti kàn: ọ̀pá ìdènà ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, férémù nẹ́ẹ̀tì tó ṣeé yọ fọ̀, ohun tó ń dá omi táǹkì dúró kó tó kún àkúnwọ́sílẹ̀. Kí á ti orí ìkọ́ bẹ̀rẹ̀ ná. Bí ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá-Ìlà-Oòrùn Àkókó àti ti Gúúsù-Ìwọ̀-Oòrùn Àkókó bá gbà láti tẹ àwọn àwòrán wọ̀nyí sínú ìwé, mo fẹ́ kí ẹ̀dà kan wà ní sẹkitéríàtì Ìkàrẹ́, kí òmíràn wà ní ti Ọ̀kà, kí ẹ̀kẹta wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àwọn oníwáyà, kí ẹni tó bá ń kọ́ ilé tuntun lè lọ ṣí i wò kí kápẹ́ńtà rẹ̀ tó kan àjà, nítorí bí wọ́n bá ti kan pákó tán, ìkọ́ tó dára jù ní gbogbo Àkókó kò ní rí ààyè wọlé àyàfi bí wọ́n bá tún tú àjà náà.